Ìjì àti Búrẹ́dì Tí Kò Níyọ̀

                                                  Ilé Kejìlá,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹlẹgbẹ́ mi nínú eruku ṣọ́ọ̀kì,

Ẹ kú ilé o. Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti gun àtẹ̀gùn, àbí ìwọ àti òun ṣì ń jà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń ka ìwé ìròyìn sókè fún ẹni tí kò bẹ̀ wọ́n? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, àwọn tó ń sọ ilé rẹ di pápá bọ́ọ̀lù? Mo gbà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà, nítorí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ kì í ṣe ẹni tí í fi àròyé pamọ́. Ní tèmi, ara le, oúnjẹ ń wọlé, ẹsẹ̀ ń gbé mi. Inú nìkan ni kò dára.

Inú ń bí mi, ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ìbínú tí ife tíì kan lè rọ̀. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń bá àwọn ìkòkò inú ilé ìdáná mi sọ̀rọ̀, àwọn náà sì ti mọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ mí. Nítorí náà, bí bírò mi bá ya tákàdá níbì kan, má ṣe rò pé ogbó ni.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o bi mí pé irú àmọ̀ràn wo gan-an ni Ìjì ń lọ gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ṣé àmọ̀ràn ti tán nínú ẹbí wa ni. Àmọ̀ràn kò tán nínú ẹbí wa o. Ó pọ̀ débi pé à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Etí ló wọ́n.

O rántí Ìjì, ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin tó ṣaláìsí. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìjì, nítorí bó bá ti wọlé báyìí, ilẹ̀kùn, aago ara ògiri àti ológbò ni yóò jọ mọ̀ pé ó dé. Òun ló ń ṣe ilé búrẹ́dì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún ìyá wọn, kò sì sí ẹni tó mọ búrẹ́dì ṣe jù ú lọ ládùúgbò yìí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni orí Ìjì kì í ti í jókòó. Á lọ mú ìgbálẹ̀, á rí fèrèsé tó dọ̀tí lọ́nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, á rántí pé òun gbé omi kaná, omi á ti gbẹ, ìgbálẹ̀ á sì wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ kan bá wọ̀ ọ́ lára, àfi kí o gbá a léjìká kó tó mọ̀ pé ebi ń pa òun. Aláìnáání ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ, ọ̀rẹ́ mi! Ọ̀lẹ tó ń jí kí àkùkọ tó ronú àtikọ!

Ọdún tó kọjá ni dókítà kan fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tó ní ohun tó ń ṣe é lórúkọ, pé ADHD ni wọ́n ń pè é, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe nìyẹn, kì í ṣe ìwàkiwà. Bó ṣe yé mi sí nìyí: ilé kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yà wọlé, àlejò tí a pè gan-an ni kò rí ibi jókòó. Dókítà fún un lóògùn, ó sì ní kó máa lọ rí olùdámọ̀ràn kan, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí yàrá rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà oògùn, tó ní àga méjì àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri, kí ojú má baà rìnrìn àjò.

Ohun tí obìnrin yìí kọ́kọ́ ní kí Ìjì sọ fún òun ni ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ara rẹ̀ sọ bó bá ti ṣe àṣìṣe. Ìjì sọ ọ́: "Olódo. Orí òfìfo. Ìwọ tí o kì í parí nǹkan kan." Obìnrin náà ní, "Ohùn ta ni?" Ìjì sọ fún mi pé ohùn ẹ̀gbọ́n òun ni.

Kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ yẹn yọ, ẹkún ti ṣàn níbẹ̀. Wọ́n tún rí òmíràn. Bí Ìjì bá kùnà níbì kan, á sá, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ó kọ́ ìránṣọ, ó pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ojú tì í, ó di àlọ-àìpadà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ̀lú ọkùnrin dáadáa kan, ẹni tí èmi ti ń dánra wò bí n ó ṣe jó níbi ìgbéyàwó wọn, kìkì nítorí pé Ìjì gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìtìjú ló ń lé ọmọ kiri, wọ́n ní kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ìjì àti olùdámọ̀ràn náà ni wọ́n jọ ronú kan ọgbọ́n àwo. Kí Ìjì tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, á wọn gbogbo nǹkan sínú àwo kéékèèké: iyọ̀ nínú tirẹ̀, ṣúgà nínú tirẹ̀, yíìsì nínú tirẹ̀, á tò wọ́n sórí tábìlì. Èyí tó bá ti dà sínú ìyẹ̀fun, á da àwo rẹ̀ dojú dé lójú ẹsẹ̀. Bí tẹlifóònù bá dún, bí oníbàárà bá kanlẹ̀kùn, bí orí rẹ̀ bá rìn lọ tó sì padà dé, kò sí ohun tó ní láti rántí. Àwo tó dojú dé, tirẹ̀ ti wọlé. Àwo tó ṣíjú sókè, tirẹ̀ kù. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ èyí, búrẹ́dì rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Mo rí i tó ń kọrin nídìí ààrò, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti pẹ́.

Wàyí o, dìde dúró, Alága ń wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Ìjì ni Alága, àkọ́bí àbúrò mi. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lórí nítorí pé bí ẹni méjì bá sá fún òjò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, Alága á ṣí ìpàdé náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ilé búrẹ́dì bàbá wọn nílò ọwọ́ tó dúró ṣinṣin, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì máa ń wò bó bá ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, búrẹ́dì tí Ìjì ṣe fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó padà wálé. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Olórí àwọn alásè níbẹ̀ ránṣẹ́ pé bàbá arúgbó kan bu ú jẹ, ó sì bi wọ́n pé ṣé òwú inú tìmùtìmù ni wọ́n já fún òun. Wọ́n ní kí a dúró ná, kí a má gbé búrẹ́dì wá mọ́. Ìjì ṣáà ń wí pé àwo iyọ̀ dojú dé, òun fi ojú òun rí i. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó pa ọgbọ́n àwo tì. Kò lọ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn mọ́. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí àwo bá lè purọ́ fún mi, kí ló kù?"

Lọ́jọ́ Sátidé, Alága pe ìpàdé sí pálọ̀ ìyá wọn: òun, Ìjì, ìyá wọn, àti èmi. Ó fẹ́ kí ìyá wọn gba kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ Ìjì, kó fún òun. Ó dìde, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì." Mo wẹ̀yìn, bóyá àwọn ènìyàn pàtàkì náà ti dé.

Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ń lọ jókòó síwájú àjèjì láti máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ogún bàbá lé lọ́wọ́. Ó ní ọgbọ́n àwo, ọgbọ́n ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, ó wá ní kì í ṣe pé òun kò ṣèrànwọ́ o. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ búrẹ́dì yẹn gan-an, òun yà síbẹ̀, òun bá tábìlì ní wúruwùru, Ìjì ti lọ wo iná ààrò. "Èmi alára ni mo da iyọ̀ padà sínú agolo, kí eṣinṣin má baà bà lé e. Mo fọ àwo, mo dà á dojú dé."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí ọmọrí irin já bọ́ sórí síméńtì.

Ìjì ní, "Bọ̀dá, kí lẹ dà padà?"

"Iyọ̀."

"Sínú kí ni?"

"Sínú agolo. Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni iyọ̀ ń gbé ni?"

Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, o ò bá rò pé yóò bẹ̀bẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó yí sí wa, ó ní, "Ẹ wá rí i báyìí. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí. Iṣẹ́ tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ fọ àwo níbẹ̀ kó má baà bàjẹ́, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Jókòó."

O mọ ohùn tí mo fi sọ ọ́. Nígbà iṣẹ́ tíṣà wa, kíláàsì mẹ́ta ló máa ń jókòó sí i pọ̀. Alága jókòó.

Mo bi í pé bí mo bá gbé ọ̀pá tí ìyá rẹ̀ fi ń rìn pamọ́, tí ìyá rẹ̀ wá ṣubú, ṣé a ó ní ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rìn ni. Ó ní ọ̀pá yàtọ̀, pé ẹsẹ̀ tó ń dunni, gbogbo ayé ló ń rí i. Ibẹ̀ gan-an ló ti ká mi lára jù. Ohun tí ojú wọn kò bá ti rí, irọ́ ni. Mo ní, "Iyọ̀ inú búrẹ́dì ńkọ́, ojú ta ló ń rí i? Kí ló dé tí gbogbo ẹnu fi mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?" Ó ń wo ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ yàn án sípò akọ̀wé.

Ìyá wọn ló wá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni obìnrin yẹn ti ń bẹ̀rù Alága, ọmọ tó bí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ Ìjì. Ó ní kí Alága lọ sọ fún àwọn tó dá búrẹ́dì padà pé òun ló yọ iyọ̀. Ó ń wo ojú Alága títí ó fi sọ ọ́ parí.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága ní òun ń dúró de àsìkò tó bójú mu. Mo ní àsìkò ti bójú mu, mo ti wọ bàtà. Mo mú un lọ sílé ìdáná àwọn arúgbó. Olórí àwọn alásè ń ro ìkòkò, Alága gbé ohùn ńlá jáde: "Lórúkọ gbogbo ìdílé wa, ó dùn wá dọ́kàn pé àṣìṣe kan wáyé." Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló ṣe é?" Alága wò mí. Mo ń wo òrùlé. Ó wá ní, "Èmi ni." Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé. Kí búrẹ́dì máa bọ̀ láti ọ̀la."

Ṣé o wá rò pé inú mi ti rọ̀? Kò rọ̀. Ó bẹ oníbàárà, kò bẹ àbúrò rẹ̀. Gbogbo èébú tó ti ń rọ́ sí ọmọ yẹn lórí láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn, kò sí ìkankan tó fà padà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ! Bí o bá rí Alága níbikíbi, jọ̀ọ́, má kí i. Kí i díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí kọjá ti Alága. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìjì lóòótọ́, àwọn àwo sì ti padà sórí tábìlì. Yàrá òkè ilé ìtajà oògùn yẹn ni mo ń rò. Ó ti sá níbẹ̀, mo sì ti sọ fún ọ pé ibi tí Ìjì bá ti sá, kì í padà síbẹ̀. Ta ni yóò máa bá a já ohùn yẹn kúrò lórí? Mi ò tì í. Mo ṣáà ń pa ẹnu mi mọ́, iṣẹ́ tó le jù tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì.

Lánàá ó yà lọ́dọ̀ mi, ìyẹ̀fun lórí irun, ó jókòó sápá àga bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun òun wọṣọ, òun jáde, òun gun àtẹ̀gùn yẹn, òun kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí ló wà lórí àga òun. Ọjọ́rú ni ọjọ́ òun. Òun ti gbàgbé. Ó ní gbogbo àwọn tó jókòó síta ló ń wo òun bí òun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Kí lo wá ṣe?"

Ó ní, "Mo padà sílé." Ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. "Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì."

Kí gbogbo ilé fún mi, kí o sì kí ọ̀gá wa àtijọ́ bí o bá fojú kàn án. Tètè dá èsì padà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí,

Tíṣà Àgbà