Ta Ló Sọ fún Wọn?

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹjọ, 1955

Eéwo itan Fọlá, ọmọ kékeré tí wọ́n gbé wá láti Ìjàn, kò gbọ́ abẹ́rẹ́ pẹnisílínì.

Dókítà òyìnbó ní kí n ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Mo ní, "Àwọn kòkòrò inú eéwo náà ti dá oògùn mọ̀. Bí wọ́n bá ti fura pé ó wọlé, wọ́n á pèsè ohun tó ń bà á jẹ́."

Ìyá Fọlá wojú mi. "Nọ́ọ̀sì, ta ló sọ fún wọn?"



Nígbà tí mo gbé oògùn mìíràn dé, ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ rẹ̀ nítòsí ọmọ. Ó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín. Ara Fọlá ṣì ń gbóná nígbà tí mo kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Mi ò kọ orúkọ oògùn náà síbí.