Ọwọ́ Tó Hù Nínú Omi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ò gba oorun lójú rẹ jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà la wà, àmọ́ ohun tójú mi rí nílé yìí, títí di báyìí lẹnu ṣì ń yà mí.

Àwọn ákísólọ́tù tó o fi sílẹ̀, àwọn ẹran inú omi tó jọ aláǹgbá yẹn, wà láàyè. Àwọ̀ wọn ni mo fi ń pè wọ́n: Dúdú, Wúrà, àti Funfun tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ pupa. Funfun yìí ló ń kó mi láyà sókè. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀. Mo wá ṣe é bí a ti ń ṣe ọmọ tí kì í jẹun: mo gbé e sínú àpótí dígí Dúdú alájẹkì, kó lè máa wò ó bó ṣe ń jẹ ekòló. Yéè! Ọwọ́ Funfun ni Dúdú fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ó já a láti ìgbọ̀nwọ́! Igbe tí mo ké, aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé.

Mo yára yọ Funfun sínú ike. Ẹ̀rù rẹ bà mí, àmọ́ ti bàbá rẹ ló pọ̀ jù. O mọ̀ pé látìgbà tí ayùn ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mẹ́nu kàn án. Mo gbé ike náà pamọ́ sí bálùwẹ̀. Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ ti rí i. Ó fa àpótí jókòó tì í, ó sì sọ ibẹ̀ dilé. Oúnjẹ rẹ̀ ń tutù.

Ọmọ mi, ọwọ́ náà hù! Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó kọ́kọ́ yọ bíi kókó, ó fẹ̀ bíi ṣíbí, ló bá pín sí ìka wínníwínní. Orí mi wú. Mo lanu, n ò lè pa á dé. Bàbá rẹ pè mí pé kí n wá ka àwọn ìka náà, ni mo bá bú sẹ́kún, mo rò pé ó ń retí kí tirẹ̀ náà hù. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé orí mi dà rú ni? Tèmi ò ní hù. Àmọ́ eléyìí ò dúró dọwọ́ kó tó máa jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ìró òòlù. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù láìwọ bàtà. Bàbá rẹ ni, tó ń fi ọwọ́ òsì kan tábìlì tí a ó gbé Funfun lé. Mo jókòó sórí ìdọ̀tí pákó.

Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ojú ò ní tì ọ́ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ. Wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Àfikún: Tábìlì náà ò gún, mo fi páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Tó o bá dé, má ṣe wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yìn ín.