Okùn Àlejò, Akọ Màlúù Fáìsátù

Fáìsátù Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé nínú ilé ìyá mi ní Lagos Town, ní Accra, kó bá ọ wọ ọkọ̀ tróótrò láàárọ̀, kó sì bá ọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ rẹ láìfarapa. Kí àárẹ̀ má mọ ojúlé rẹ. Kí aládùúgbò tí o ní ó ń kọjú ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ sí fèrèsé rẹ rí ibòmíràn gbé e sí, tí kò bá sì rí, kí epo rẹ̀ máa tètè tán. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún ìyá rẹ ti gbọ́ oògùn tí o fi rán awakọ̀ sí wa, ṣùgbọ́n ó ní kí n má tíì sọ fún ọ pé ó ti san, kí o má baà dá èyí tó kù dúró, nítorí náà má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Òjò kò tíì rọ̀. Gbogbo pápá láti ibí títí dé ẹ̀yìn Dodowa ti gbẹ, ó ti pọ́n, àwọn màlúù ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n á já.

Lẹ́tà ni mo kọ, kì í ṣe pé mo gbàgbé pé o ra fóònù fún wa. Fóònù náà wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o pè wá tí ojú rẹ hàn nínú rẹ̀, tí o ní kí n yí i sí akọ màlúù, ni nǹkan ti ṣe é. Èmi rò pé ẹ fẹ́ kí ara yín ni. Mo gbé ọ sún mọ́ ọn, mo ní, Àlejò, ẹni tó ni ọ́ rèé láti Accra. Ó wò ọ́ títí, ó gbóòórùn rẹ, ó sì fi ahọ́n lá ọ láti àgbọ̀n dé iwájú orí. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ wá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni o fẹ́ rí. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà náà. Tí o bá pè báyìí, bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́ ni a ń rí ọ, ohùn rẹ sì ń jáde bí ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ Àlejò náà gan-an ni mo fẹ́ sọ. O rán ohùn rẹ sí wa pé kí a gbé e kúrò nínú agbo, kí a tà á tàbí kí a fi ṣe pàṣípààrọ̀, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti dàgbà. O sọ ọ́ wéré, bí ẹni tó ní kí a pààrọ̀ kẹ̀ǹgbè omi. Ṣé o rántí bí ó ṣe dé ọwọ́ wa? Owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ìsìn ẹran ni o fi rà á. Ìwọ fúnra rẹ ni o fà á wọ abúlé, o kúnlẹ̀, o fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, o ní, Bàbá, ẹ bá mi sìn ín. Àgbàsìn nìyẹn. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ni pé ẹni tó bá gbé ẹran fún ènìyàn sìn, ọwọ́ rẹ̀ ni okùn ti ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ń padà sí. Bí olówó ẹran bá wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ẹran òun kúrò, tí òun kò yọjú, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà ẹni tó ń sìn ín ti ṣe èrú, tàbí olówó ẹran ń lọ síbi tí kò ní í padà dé.

Èmi kò ṣe èrú. Ìyá rẹ ní òkè òkun ni o ń lọ. Mo ní rárá, ọmọ kì í lọ òkè òkun kí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àfáà má gbàdúrà fún un. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè gba àdúrà lórí wásáàpù. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi dáadáa, torí pé láti Iléyá ìdúnta o kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Madina tó ti Accra wá síbí kò jìn tó ọ̀nà Mẹ́kà.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe sìn ín, kí o lè mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Nínú àgbàsìn, ọmọ àkọ́kọ́ ni ti olówó ẹran, èkejì ni ti ẹni tó ń sìn ín. Akọ ni o gbé fún mi, akọ kì í bímọ, ṣùgbọ́n gbogbo abo inú kíráàlì, ọgbà ẹran wa, ló ń bímọ fún un, nítorí náà mo pín gbogbo ọmọ náà, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tèmi. Mo ta tèmi bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Tìrẹ, n kò fọwọ́ kan èyíkéyìí, mo ní kí wọ́n máa dúró dè ọ́ kí o wá fi ojú ara rẹ rí wọn. Nígbà tí Usamah, darandaran wa, gbọ́ ìdí tí n kò fi jẹ́ kó kó wọn lọ sọ́jà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, Àfáà, èyí tí ẹ ń tọ́jú fún ọmọ yín ni yóò ba agbo ọmọ yín jẹ́. Ó ní Àlejò ni bàbá gbogbo àwọn ọ̀dọ́ abo wọ̀nyẹn, òun náà ló sì tún ń wọlé tọ̀ wọ́n.

Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ màlúù tí ọ̀kan nínú wọn bí lẹ́yìn Iléyá èṣí. Kò ju ọmọ ewúrẹ́ lọ. Kò lè dìde mu ọmú, a fi ọwọ́ fún un ní wàrà, kò pẹ́ tó fi kú, èmi sì sọ pé ẹnìkan ló fi ojú burúkú wò ó. Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ tí Usamah bá mi sọ̀rọ̀ yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní àwọn obìnrin tí kò tọ́ kí ọkùnrin fẹ́. Wọ́n ń pariwo rẹ̀ pé ìyá rẹ, ọmọ rẹ, arábìnrin rẹ. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àwa àti kíráàlì. Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé wọn kò fún ẹranko ní òfin, ṣùgbọ́n èmi tí mo ni ilẹ̀kùn kíráàlì, wọ́n fún mi. Mo ní kí àwọn ọmọ dúró ná, mo jáde, mo lọ so Àlejò mọ́ ìdí igi tó wà lọ́tọ̀. O ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí o mú un wá pé akọ màlúù gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò sí àwọn abo tó bá ń gùn, ìdí tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé àlejò tó bá pẹ́ nílé, ọmọ rẹ̀ á di ọmọ ilé.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Usamah mú mi lọ wo akọ kan tí oníṣòwò kan kó wá láti òkè. Ó ga tó ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ara rẹ̀ ń dán, ọrùn rẹ̀ ki. Usamah ní ká sanwó kíá. Mo rántí pé o ní kí n má tìtorí ara dídán nìkan ra akọ, kí n kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kí n wò bó ṣe ń rìn. Mo ní kí wọ́n fà á lọ, kí wọ́n fà á bọ̀. Ọmọ mi, bí ẹni tó ń tẹ yanrìn gbígbóná ló ń rìn, pátákò ẹ̀yìn rẹ̀ ti gùn, wọ́n ń kọjá lórí ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń gbé gbogbo ara akọ nígbà tó bá ń gun abo, bí ìyẹn bá ń dùn ún, á kàn máa wò wọ́n ni. Ó tún tóbi jù fún àwọn ọ̀dọ́ abo wa tó kúrú, ọmọ rẹ̀ lè há sí wọn nídìí. Oníṣòwò náà bi mí pé, Àfáà, ṣé màlúù lẹ fẹ́ rà ni àbí oníjó? Mo ní kó máà bínú.

Ọ̀dọ̀ Kwabena, aládùúgbò wa ní abúlé kejì, ni a ti wá rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Akọ pupa ni, kò ga, ojú rẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ pé, ó ń rìn geere, kò sanra jù, kò sì rù. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Wọ́n mú mi lọ bá ìyá náà, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ọdọọdún ló ń bí, kò sí ìgbà kankan tí wọ́n fi ọwọ́ fa ọmọ kúrò lára rẹ̀. Mo béèrè ìyá bàbá rẹ̀. Kwabena ní, ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ṣé ọmọ yín ni ẹran mi fẹ́ fẹ́ ni? Mo ní kì í ṣe ọmọ mi, àwọn abo mi ni, wọ́n sì ju mẹ́rin lọ. Òun náà ń wá ẹ̀jẹ̀ tuntun fún agbo rẹ̀, kò sì sí màlúù rẹ̀ kan tó bá Àlejò tan, nítorí náà a jọ fẹnu kò pé ká pààrọ̀ wọn.

Mo ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe. Mo fi téèpù ìránṣọ ìyá rẹ wọn ibi tí o ní kí n wọ̀n. Kwabena di orí mú, Usamah di ìrù mú, èmi wà lẹ́yìn. Méjèèjì dọ́gba, kò sí kókó níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì kọjá èyí tí o dá fún mi. Ìyá rẹ dúró lókèèrè, ó béèrè bóyá ṣòkòtò ni mo fẹ́ rán fún un. Kò gba téèpù náà mọ́ látìgbà yẹn, ó ní òun kò lè fi wọn àyà ìyàwó ẹnikẹ́ni. Dókítà ẹran tún wá, ó gba omi àtọ̀ akọ náà, ó fi dígí rẹ̀ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó sì ní kí èmi náà wá wò ó. Sùbùhánálláhì! Wọ́n ń sáré bí ọmọ kéwú tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́sàn-án Àlàrùbá. Mo bi í pé èwo ni abo nínú wọn, kí a lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní òun kò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó ní wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní Accra bóyá kò ní àrùn tó ń mú kí oyún máa bàjẹ́ lára abo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tí ẹ̀jẹ̀ náà bá dé Accra, kó bá mi yà kí ọ. Ó ní ọ̀nà òun kò gba ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ, ìròyìn rẹ̀ ti dé pé ara akọ náà mọ́. Ìyá rẹ ní, wò ó, ẹ̀jẹ̀ màlúù lọ sí Accra, ìròyìn rẹ̀ dé, ọmọ ènìyàn lọ sí Accra, kò dé.

Mo ti ṣe ọgbà kékeré tí akọ tuntun yóò dá gbé ná, kó jìnnà sí àwọn abo, kí a fi wo ara rẹ̀ bóyá kò ní ikọ́ tàbí eégbọn tó kó bọ̀. Tí òjò bá rọ̀, tí àwọn abo bá jẹ koríko tútù tí ẹran wá sí wọn lára, nígbà náà ni a óò jẹ́ kó wọlé, kí àwọn ọmọ wọn lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí koríko bá ń hù lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́ ni, n kò ní í fún un ní gbogbo abo lọ́dún àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ má baà pa á. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kéwú pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ẹ̀yìn sí i, bó ti wù kó rọra tó.

Ohun gbogbo ti tán, ó ku okùn. Kwabena ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó fa tirẹ̀ dání. Mo tú Àlejò, mo mú okùn rẹ̀, ọwọ́ mi kò nà án. Ìyá rẹ ní ohùn tí o fi ránṣẹ́ ti tó, ibi tí o ti ní, Bàbá mi, mo yọ̀ǹda, ẹ fún un. Mo gbé fóònù lé orí okùn, mo tẹ ohùn rẹ kó gbọ́, ṣùgbọ́n okùn kò kúrò lọ́wọ́ mi, Kwabena kò sì gbọ́ Yorùbá. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún mi, àmọ́ ẹnìkan ní Afienya ti ń béèrè akọ pupa náà, bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ tí a kò tíì ṣe é, òun á gbé e fún un. Lójoojúmọ́ báyìí ni mo ń wo ojú ọ̀run, èmi tí mo ti ń gbàdúrà òjò láti ìgbà ọyẹ́, mo tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀.

Owó tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ṣì wà níbẹ̀. O ní kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọlọ́pàá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin mómò tó ń bá ènìyàn gba owó orí fóònù lábẹ́ agboòrùn, fóònù fúnra rẹ̀ bi mí ní nọ́ńbà náà. Mo ní rárá. Ó tún bi mí, mo pa á. Obìnrin náà bẹ̀ mí pé bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, owó kò ní í jáde. Mo ní ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi. Owó náà wà láìséwu, kò sẹ́ni tó lè mú un, èmi náà kò lè mú un. Nítorí náà, fi ọwọ́ mú owó bọ̀, kó tó ra iyọ̀ tí akọ tuntun yóò máa lá, àti téèpù tuntun fún ìyá rẹ, kó sì kù díẹ̀ fún páànù mọ́ṣáláṣí tí atẹ́gùn ṣí. Má ra okùn, okùn wà.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ, kó fi ẹni rere pàdé rẹ lọ́nà, kó má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ gba gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá ń lọ òkè òkun lóòótọ́, wá gba àdúrà rẹ lójúkojú. Tí o kò bá lọ síbi kankan, wá bákan náà. Wá kí òjò tó rọ̀. Wàá gba okùn Àlejò lọ́wọ́ mi, wàá fi lé Kwabena lọ́wọ́. Wàá gba ti akọ pupa lọ́wọ́ Kwabena. Lẹ́yìn náà, kí o kúnlẹ̀ bí ọjọ́ kìíní, kí o fi lé mi lọ́wọ́, kí n lè mọ̀ pé èmi ni o ṣì ń gbé ẹran rẹ fún sìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàdárù