Ooru Mọ́tò Kì Í Ṣe Iṣẹ́

Sabon Gari, Kano
Oṣù Kẹta, 1984

Akínṣọlá àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún Ìyá Evelyn ti ń san díẹ̀díẹ̀. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ńlá tó ń fi iná mànàmáná yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa ní Bompai ni. O ní ó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pé iná tí à ń fi ṣòfò ló ń mú un gbóná. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn: “Alákọ̀wé, ṣé o ti rí alágbára tó ń ṣiṣẹ́ tí kò làágùn?” Nígbà tí o pa á láti dán mọ́tò kékeré wò, mo lọ sọ fún mánẹ́jà pé o fẹ́ ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n lé ọ.

Lánàá, ẹnjiníà tuntun fi kékeré rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ò dín, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ dín gan-an. Mo jẹ́wọ́ irọ́ mi fún mánẹ́jà.

“Bàbá, kí ló pa yín lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yìí?”

“Ìgbéraga ni, sà.”

Kí Olúwa máa ṣọ́ ilé rẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí inú bá ṣì ń bí ọ, kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Má ṣáà dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbíkúnlé