Sí Yẹ́misí, Tó Mọ̀ Pé Kì í Ṣe Ọtí

                                        Ojúlé 17, Òpópó Ìpàjà,
                                        Agége.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 1956.

Ọ̀rẹ́ mi Olúwayẹ́misí,

Ó yẹ kí n fi "ọ̀wọ́n" kún un, ṣùgbọ́n mo gbé kálámù sórí ìwé títí, ọ̀rọ̀ náà kò wá. Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ikọ́ tó ń ṣe Dúpẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣé ẹsẹ̀ ti ń gbé wọn rìn? Tọkàntọkàn ni mo fi ń bèèrè gbogbo wọn, nítorí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ní tìrẹ, mo gbọ́ pé ara rẹ le, o sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa ti Onígbòǹgbò wo Agége bí ẹni ń wo òkè òkun.

Lẹ́tà mi kẹta nìyí. Nígbà tí mo kọ èkíní, o ní o ń dúró kí àlùfáà ti ìsinmi dé. Àlùfáà dé. Nígbà tí mo kọ èkejì, o ní kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ òwò nípasẹ̀ lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù, mo sì rí i kọ́ níbẹ̀ pé ẹni tó bá ti sọ pé "ó kù díẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì ti pinnu pé òun kò ní í ṣe é.

Jẹ́ kí n tún un sọ fún ọ bí ẹni pé o kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi, dókítà eyín tí gbogbo Agége mọ̀, jí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi sipíríìtì nu itan, wọ́n sì gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ bí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Wọn kò jẹun. Láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé wọn lórí, oúnjẹ kankan kì í ṣáájú Ara Olúwa wọ ẹnu wọn. Tẹ́lẹ̀, ìsìn aago mẹ́fà ni, wọ́n á ti délé jẹun kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù náà gan-an ni ìgbìmọ̀ ìjọ sún un sí aago mẹ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n ti sún ìsìn. Bí kò bá rí oúnjẹ bá jà, ẹni tó gún un ni yóò bá jà.

Bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ni òógùn bò wọ́n, ọwọ́ ń gbọ̀n, ahọ́n ń wúwo. Àlùfáà na ago sí wọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá a dànù. Ìwọ lo kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún wọn. Ìwọ nọ́ọ̀sì. Ìwọ tó kọ́ wọn bí a ti ń gún abẹ́rẹ́ yẹn nínú pálọ̀ wa, tó fi ọwọ́ ara rẹ da sipíríìtì sórí òwú, tó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá rí òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n, kí n fi ṣúgà sí wọn lẹ́nu kí n tó bèèrè ohunkóhun. Kí lo ṣe? O yọ aṣọ ìnujú, o fi bo imú.

N kò ní o sọ̀rọ̀. O kò sọ nǹkan kan. Aṣọ ìnujú yẹn ló wàásù. Kí a tó gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ó ti mutí yó." "Láàárọ̀ yìí náà?" Ẹnì kan tó mọ̀wé ní, "Sipíríìtì tó gun eléyìí, kì í ṣe ti Pẹ́ńtíkọ́sì o," wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nọ́ọ̀sì wà níbi ìkúnlẹ̀, orí dókítà eyín wọ́. Mo fi ṣúgà tó wà lápò wọn sí wọn lẹ́nu lábẹ́ igi máńgòrò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n jókòó, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn ti gba ago náà. Àwọn tó ń wò wá ní ṣúgà ni a fi pa ọtí lójú wọn.

Wahab tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn ilé wa, tí ẹ̀gbọ́n mi fa eyín mẹ́ta fún, wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Sìsí, dókítà ní kí n yé lá ṣúgà, pé òun ló ń jẹ mí léyín. Mo wá gbọ́ pé wọ́n bá ṣúgà lápò àwọn náà. Àbí tèmi ni wọ́n ń bá mi tọ́jú?" N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un, àṣírí tàbí kò sí àṣírí. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Ní tiwa, Ọlọ́run ti yọ aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀. Tiyín ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?" Mùsùlùmí tó ń po ìyẹ̀fun lóye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìwọ tó gba ìwé ẹ̀rí lórí ìtọ́jú aláìsàn, ọ̀sẹ̀ méje nìyí.

Ìgbìmọ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dé ibi pẹpẹ mọ́ títí àwọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀. Mo lọ sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n ní ẹ̀rí ọmọ ìyá kò dúró. Dókítà òyìnbó tó ń tọ́jú wọn ti lọ sí ìlú rẹ̀ di oṣù Kìíní. Ìwọ nìkan ló kù.

O ní ìbúra àwọn nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí o tú àṣírí aláìsàn. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí láti tú ọ sílẹ̀ wà nínú lẹ́tà mi kejì, o sì ti kà á. Kò rọrùn fún wọn láti kọ ọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́, wọn yóò ní ta ni yóò la ẹnu fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbọ̀n. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́. Kì í ṣe ìbúra ló dì ọ́ lẹ́nu, Yẹ́misí. Oyè Bàbá Ìjọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo wa sì mọ̀ pé orúkọ ọkọ rẹ ló tẹ̀lé tiwọn. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọ, wá sọ ọ́ lójú mi.

Ohun tí o kò tíì gbọ́ nìyí. Láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò gún abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ní títí a ó fi dá àwọn láre, kò sí ẹni tí yóò gbóòórùn sipíríìtì lára àwọn. Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná nu itan dípò rẹ̀. Wọ́n ní òórùn kọ́, orúkọ ni. Omi ni wọ́n ń mu ṣáá, òùngbẹ kò sì kúrò. Láàárọ̀ yìí wọ́n fa eyín mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ìkẹjà, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àga aláìsàn fúnra wọn kí wọ́n lè mí. Nọ́ọ̀sì ni ọ́. O mọ̀ bóyá ẹni tó wà báyìí yóò bá wa dé ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà mo ti lọ bá àlùfáà. Bí ẹlẹ́rìí bá wà, wọn yóò pe ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́rú yìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé ẹlẹ́rìí wà. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó sọ ọ́. Wahab ló gbé lẹ́tà yìí wá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì ní í kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ láìgba èsì. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ kan ti tó.

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà ilé, ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń kúnlẹ̀ tì wọ́n. N kì í ṣe àmín.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Fi ẹnu ko Dúpẹ́ lẹ́nu fún mi. Kí ìyá rẹ bí o bá ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú,

Ojúọlápé Dàwódù.