Kọ̀ǹpútà Yọ Màmá Cecilia Kúrò Nínú Àáró

Odò-Ape, lọ́nà Kàbà,
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, ọdún 2000.

Tiwalọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Àbújá. Kí Olúwa tí ó ń ṣọ́ iṣu nínú ebè títí a ó fi wà á máa ṣọ́ ìwọ náà títí a ó fi fojú kàn ọ́. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ ti bí ìbejì, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀, a dúpẹ́.

Mo gba lẹ́tà rẹ nípa ilé-iṣẹ́ tuntun tí ó ń ṣe ètò sínú kọ̀ǹpútà, pé Délé, ọ̀gá wọn, fẹ́ kí o fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí o wá bá òun ṣiṣẹ́, àti pé o kò ní fún un lésì àfi bí mo bá kọ́kọ́ wo òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ó bá wá ṣe àfihàn ní abúlé wa. Ó wá, mo sì wò wọ́n dáadáa.

Délé gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì ìjẹun wa níwájú àwọn ará àáró tí a jọ ń bá ara wa ṣe oko, ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ó ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kí i pé okun o. Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ariwo ni kò jẹ́ kí ó gbọ́, mo tún kí i sókè, síbẹ̀ kò fọhùn. John aládùúgbò wa ní bóyá Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìyá rẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ní ara rẹ̀ gbóná, ó sì jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí àfihàn fi parí. Délé ní kí ó má ṣe ìyọnu, pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe. Ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ Tiwalọlá máa ń ṣe kí ibà tó dá ọ dùbúlẹ̀.

Délé wá ṣàlàyé pé kí ọdún tó yí po, ètò òun yóò máa sọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, yóò máa mọ ẹni tí ó jí ewúrẹ́ gbé, yóò máa dá ẹjọ́ ilẹ̀ láìgba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a kò sì ní nílò láti lọ sí Lọ́kọ́ja mọ́ fún ohunkóhun. Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ti ń sọ ọ́. Iyèméjì mú mi, kì í ṣe nítorí pé mo pè é ní òpùrọ́, bí kò ṣe nítorí pé mo mọ ohùn yẹn. Ohùn èmi fúnra mi ni. A kò tíì bí ọ nígbà tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣe àáró pé kí wọ́n má kọ ebè lọ́dún náà, pé katakata ìjọba ń bọ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí pé mo wọ bàtà aláwọ. Katakata kò dé. Iṣu tí a tọrọ ní ìlú Ìyàrà ni a jẹ, mo sì di ẹ̀bi ru òjò láti ìgbà náà. Mo dìde níwájú kọ̀ǹpútà yìí, mo jẹ́wọ́ pé òjò kò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Màmá Cecilia, opó tí oko wọn bá tiwa pààlà, ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, kí n jókòó, pé mo ń dí àwọn lójú.

Mo wá ní kí Délé fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣètò àáró wa, kí ó sọ oko ẹni tí a ó kọ́kọ́ kọ ebè sí àti ti ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rọ̀ ta-ló-kàn ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín John àti Andrew tí òun náà wà nínú àáró wa lọ́dọọdún. Ó tẹ orúkọ wa sí i, ó bi wá ní iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣe ní oko ẹlòmíràn. Kí a tó ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ti tò wá. Ó to John àti Andrew dáadáa débi pé kò sí èyí tí ó rí ẹnu fi ráhùn. Ṣùgbọ́n ó yọ Màmá Cecilia kúrò. Ó ní wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá wọn ṣe.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dun Màmá Cecilia, wọn kì í gbé ọkọ́ mọ́. Abẹ́ igi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa sun iṣu fún wa, wọ́n á sì máa bú ẹni tí ó bá ń ṣe ọ̀lẹ títí yóò fi múra sí iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá wá, iṣẹ́ wa kì í tó ìdajì. Oko wọn gan-an ni a máa ń kọ́kọ́ ṣe. Màmá Cecilia wo kọ̀ǹpútà náà títí, wọ́n ní kí ẹnì kan bi í léèrè wò, oko ta ni òun náà ti ro rí? Ẹ̀rín gbé John ṣubú lórí àga. Délé ní oṣù tí ń bọ̀ ni òun yóò tún un ṣe. Mo bi í bí yóò ṣe ki èébú bọ inú ẹ̀rọ. Ó ní kí n fún òun ní ọdún kan. Mo tún bi í, ó ní òun yóò lọ ronú sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá wa lọ sí oko Màmá Cecilia, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun yóò kọ sínú ètò náà. A fún un ní ọkọ́. Màmá Cecilia ní ebè tí ó kọ dà bí sàréè adìẹ, pé kí ó rọra, adìẹ náà kò tíì kú. Mo rò pé yóò bínú. Ó tún ọkọ́ dì mú ni, ó sì kọ òmíràn tí ó jọ ebè. Nígbà tí a ń jẹ iṣu sísun, ó jẹ́wọ́ fún mi pé ọ̀rọ̀ ta-ló-kàn nìkan ni ètò òun lè ṣe ní tòótọ́, pé ti òjò, ti olè àti ti ẹjọ́ ilẹ̀ ṣì wà nínú orí òun. Mo ní ẹni tí ó parí ìjà John àti Andrew ti ṣe ohun tí pásítọ̀ kò rí ṣe, kí ló dé tí kò ta ìyẹn nìkan? Ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn olówó tí yóò fún òun lówó iṣẹ́ kì í fowó sí ohun kékeré.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi nìyí. Má tíì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Máa fi Sátidé ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ó gba èébú Màmá Cecilia tí kò ju ọkọ́ nù kì í ṣe ọmọ lásán. Máa fetí sí i nígbà tí ó bá ń bá àwọn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ tí ó sọ fún wọn, láìsí ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé èyí ni òun lè ṣe, pé ìyẹn kò tíì ṣeé ṣe, kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti fọwọ́ sí i.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Èmi nílò bàtà òjò, ìyá rẹ sì ti fi gbogbo òrí inú ilé pa ọwọ́ Délé tí ó bó. Má ṣe fi owó náà gba báńkì o. Mo lọ sí èyí tí ó wà ní Kàbà láti gba tèmi tí mo fi pamọ́ síbẹ̀, owó ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi. Tèmi ní àmì epo pupa lára, mo mọ̀ ọ́n dunjú. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ẹni tí ó ni ín.

Olúwa yóò bùkún fún ọ, Tiwalọlá. Ìlérí ẹnu rẹ kò ní gùn ju apá rẹ lọ, apá rẹ kò sì ní kúrú.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,
Moses.