Mo Mú Oògùn Àbúrò Mi Gbóná

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ẹ́ lọ́rùn jù, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ níbẹ̀ yẹn má yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Aránṣọ ìtòsí wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé aṣọ ni kó máa tún ṣe, kó fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ara mi le. Orókún ń dùn mí, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni ti àbúrò mi, Bàbá Káfíńtà rẹ. Ikọ́ àti ibà gbé e dé ilé ìwòsàn, ó di ọjọ́ kẹfà lónìí, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, wọ́n ń bi mí ní iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń sinmi.

Dókítà ní kòkòrò àìfojúrí ló kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ sì dìde sí i, àmọ́ ní báyìí wọ́n ti bínú kọjá àlà, wọ́n ń dáná sun ilé tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́. Ó ní oògùn kan wà, tí wọ́n ṣe ní àwòṣe ohun ìjà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń rọ, òun ló lè pàrọwà sí wọn. Ó ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ràn lọ́wọ́, àmọ́ kó má pẹ́ kó tó wọ ara rẹ̀. Owó tí àbúrò mi fẹ́ fi ra pákó la kó sílẹ̀ fún un, ó sì tán síbẹ̀.

Èmi ni wọ́n rán lọ gbà á ní ilé oògùn. Wọ́n gbé ìgò kékeré kan fún mi nínú kúlà tó kún fún yìnyín. Ọmọ mi, ọkàn mi ò gbà á. Ta ló ń fi ohun tútù wo àyà? Ìwọ náà rántí ìyá rẹ. Tí ọ̀kan nínú yín bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi ti wà lórí iná. Á na aṣọ síwájú iná, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín láyà, á máa bi ikọ́ náà pé ta ló pè é. Kódà oògùn olómi, ó di ìgbà tó bá kọ́kọ́ fi há abíyá kó tó fún yín mu. Mo da yìnyín nù, mo fi ìgò náà há abíyá, mo wá jókòó sínú oòrùn kó lè móoru dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti ń rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá tí ẹ sùn sí, kó má baà jí yín. Ó pẹ́ tí mo ti rántí rẹ̀ báyẹn láìbínú pé ó fi mí sílẹ̀ lọ. Ọ̀sán ti pọ́n tán kí n tó dìde.

Nọ́ọ̀sì gba ìgò náà, ó káwọ́ lérí. Ó ní inú òtútù ni oògùn yẹn ń gbé, pé mo ti sè é, kò ṣe é lò mọ́. Mo ní ìyá àwọn ọmọ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, kò sì bú mi mọ́. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo sin ìyá rẹ, mi ò sunkún lójú èèyàn. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa yìí, mi ò lè dákẹ́ lórí ẹ̀. Ìgò oògùn náà kan ṣì kù ní ilé oògùn, dókítà sì ní òun ò fẹ́ kó kọjá ọ̀la. Aránṣọ ní òun máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò kó lè gba inú fóònù lọ. Mo ti ní kó ká a kéékèèké kó lè ráyè wọlé. Bá mi san owó rẹ̀ fún ilé oògùn lónìí, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ gbé e dé ibùsùn rẹ̀. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ. Oore tí o bá fẹ́ ṣe ò ní di ìkà mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.